Ẹ̀yin Agbépòó Orí Òkè Colorado, Ẹ Kú Ìgbádùn

Mo kí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Houston àti Dallas, tí ìgbà ooru kì í dé mọ́ kí wọ́n má háyà RV, ọkọ̀ ńlá tí ó ní ibùsùn, ààrò àti ilé ìgbẹ́ nínú, kí wọ́n sì dorí rẹ̀ kọ àwọn òkè Colorado. Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ kú ọ̀làjú. Ẹ ní ilé oníyàrá mẹ́rin tí ẹ ń san gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ tì í pa, ẹ wá lọ sanwó kí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta lè máa sùn nínú ọkọ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń din ẹyin. Mo ti rí fọ́tò náà: fìlà abetí-ajá, ṣòkòtò péńpé, ọwọ́ méjèèjì lókè, yìnyín funfun lẹ́yìn yín lóṣù kẹfà. Ó wù mí jọjọ.

Ohun kan ni kì í hàn nínú fọ́tò yín, òun gan-an ni ọkàn mi kò sì kúrò lórí rẹ̀: táńkì ìgbẹ́. Gbogbo ohun tí ìdílé bá jẹ láti Texas, tí ó sì ti gba inú wọn kọjá, abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni ó ń kóra jọ sí, tí ó ń bá yín gun òkè, tí ó ń bá yín yí gbogbo kọ́nà. Bí ó bá kún, baba ọmọ, olóyè tí a kì í dárúkọ rẹ̀ lásán nílé, yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò fa rọ́bà gbọọrọ kan yọ, yóò so ẹnu kan mọ́ ìdí ọkọ̀, yóò ti ẹnu kejì bọ ihò inú ilẹ̀, yóò sì ṣí i. Bí rọ́bà náà bá wọlé dáadáa, a dúpẹ́. Bí kò bá wọlé, bàtà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tú omi ìwẹ̀ tẹ̀ lé e, kí omi ọṣẹ lè ṣan ohun tí ó kù sínú rọ́bà. Ẹni tí ó bá sì ya ọ̀lẹ, tí ó ṣí táńkì náà sílẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, omi inú rẹ̀ á ṣàn lọ, èyí tí ó le á jókòó, á ga, á di òkè tirẹ̀. Ẹ rìn láti Houston lọ wo òkè, ẹ sì tún mọ ọ̀kan sábẹ́ ọkọ̀.

Ní Èkó àtijọ́, òru ni agbépòó ń jáde, ó ń bojú kí aládùúgbò má baà dá a mọ̀, owó ni wọ́n sì ń san fún un. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà fún yín, lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn tí ó tò sẹ́yìn yín.

N kò ní purọ́, ó dùn mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yín. Nígbà tí a ń dá owó páànù ilé bàbá wa, ó ní nǹkan le ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo bí ó ti le tó: ọkọ̀ tí gálọ́ọ̀nù epo kan kì í sábà gbé kọjá máìlì mẹ́wàá ni ó wà gba títì I-70 lọ sí ihò Eisenhower tí wọ́n gbẹ́ la inú òkè kí ọkọ̀ lè kọjá, ibi tí ó ga ju 11,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ń mí hẹlẹhẹlẹ, orí ń fọ́ ìyàwó. Wọ́n wá gbé ẹ̀wà kaná. Ní ibi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 90°C ni omi ti ń hó, kò sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà ń hó, ẹ̀wà kò rọ̀, gáàsì ń tán lọ. Gààrí ni wọ́n mu sùn. Ìyẹn kò dé orí Facebook.

Ẹ̀rín ni mò ń rín títí dé ibí yìí. Ìsọ̀kalẹ̀ yín ni ó bí mi nínú. Ìwé ìwakọ̀ tí ẹ fi ń wa Camry ni ẹ mú dání, ẹ gba ọkọ̀ tí ó gùn ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ kó ọmọ sínú rẹ̀, ẹ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti orí òkè títí ó fi ń rùn. Kí ni ẹ rò pé ọ̀nà oníyangí tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wà fún? Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti kú ni ó ń sáré wọ ibẹ̀. Òfin ní Independence Pass, ọ̀nà orí òkè kan ní Colorado, ni pé ọkọ̀ tí ó bá gùn ju 35 ẹsẹ̀ bàtà lọ kò gbọdọ̀ kọjá. Ní ọ̀nà Going-to-the-Sun ní Montana, 21 ẹsẹ̀ bàtà ni òpin lórí òkè. Ẹ kò ka pátákó. Fóònù tí kò mọ̀ bóyá Camry ni ẹ wà tàbí odindi ilé ni ẹ ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè láyé ìgbà tiwa, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀, á máa sáré tẹ̀ lé táyà, igi tí yóò fi há a lọ́wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ náà kò kàwé, ṣùgbọ́n jíà tí ó fi gun òkè ni ó fi ń sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnì lè bá bíréèkì di ọkọ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ gboyè méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni ẹ mọ̀. Láàárín ìlú Silverton àti Ouray ní Colorado, ibi púpọ̀ ni kò sí irin ìdènà kankan létí ọ̀nà, àfonífojì ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni baba sì ti ń ya fídíò: "Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi wo iṣẹ́ Olúwa!" Àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà ní ìdúró lórí àga. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ọmọ yẹn, ẹ fi jíà kejì sí i, kí ẹ sì panu mọ́ títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀.