Ẹ Má Da Ata Sínú Rẹdiétọ̀ Mọ́

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ṣágámù, èrò ọkàn mi rèé. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fi ọgbọ́n gbé ọkọ̀ tó ń jò délé. Gbogbo wa la mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 sí Agric ṣe ń rí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kò rìn, atẹ́gùn kò fẹ́ sí rẹdiétọ̀ tó ń tu omi ẹ́ńjìnì, fáànù nìkan ló ń dá jà. Ibẹ̀ gan-an ni ihò kékeré tó ti ń sun omi láti àárọ̀ ti máa ń di ńlá. Ẹni tó bá wá nǹkan fi dí i kó lè délé, mi ò bá a wí. Ohun tí a ń dà sínú rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ata gígún ni àwọn kan ń dà sí i. Ẹyin tútù ni ti àwọn mìíràn. Wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́ fáwọn, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi dí ihò láti ìta, oní-rẹdiétọ̀ tó ń tún un ṣe á rí i yọ lọ́la. Èyí tí ẹ bá dà sínú, á lọ síbi tí ẹ ò rán an.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tó tò sínú rẹdiétọ̀, àyè inú wọn kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Omi tó ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnì, tó gbóná tó ìwọ̀n 90 lórí Celsius, inú wọn ló ń gbà kí atẹ́gùn lè tù ú kó tó padà. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹyin dí ihò ni pé ó ń jinná nínú ooru, ègé rẹ̀ a sì há sójú ibi tó ń jò. Àmọ́ ṣé ojú ihò nìkan ló gbóná ni? Gbogbo ibi tí omi náà ń dé ló gbóná! Ẹyin a jinná káàkiri, a há sínú ọ̀pá tí kò ṣe nǹkan kan, a tún wọnú rẹdiétọ̀ kékeré ti hítà tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ata náà ńkọ́? Èèpo àti kóró rẹ̀ a mu omi, a wú, a sì dúró síbi tó bá wù ú.

Jíjò á dúró lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà omi náà á ti dín kù. Tó bá yá, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láìjò. Wọ́n á yọ thermostat, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, wọn ò ní rójútùú. Wọ́n á so fáànù ní dírẹ́ẹ̀tì, kò ní yí padà. Nígbà tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá wá jó, tí orí ẹ́ńjìnì sì wọ́ nítorí pé alumíníọ̀mù ni, wọ́n á ní ọkọ̀ náà ló burú. Owó tí à bá fún oní-rẹdiétọ̀ kò tó nǹkan kan lára owó ẹ́ńjìnì.

Kí wá ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ dúró ná. Ẹ pa AC, ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì gbọ́kàn lé géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn jù o, torí bí omi bá ti lọ sílẹ̀ débi pé kò kan sẹ́ńsọ̀ mọ́, ọwọ́ géèjì lè wálẹ̀ bí ẹni pé ara ọkọ̀ ti tutù.

Ìdérí rẹdiétọ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Kọńdọ́kítọ̀ ni dírẹ́bà sábà máa ń rán pé kó lọ ṣí i, ọmọ ọlọ́mọ, pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Nọ́ńbà 0.9 tàbí 1.1 tí ẹ ń rí lórí ìdérí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, bó ṣe ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀ tó nìyẹn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó hó bó tilẹ̀ gbóná ju 100 lọ. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sójú ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin dírẹ́bà, mo bẹ̀ yín, ẹ má rán ọmọ kankan ní irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá lè fi ọwọ́ lásán di páìpù òkè mú láìjó yín. Ó lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èrò ọkọ̀ máa pariwo.

Tó bá ti tutù, ẹ wo ibi tó ti ń jò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe rẹdiétọ̀ rárá. Ó lè jẹ́ kílíìpù páìpù ló dẹ̀, kẹ́ ẹ kàn fún un mọ́ra. Bó bá jẹ́ etí páìpù rọ́bà ló là, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tì í padà. Bó bá jẹ́ àárín rẹ̀ ni, ẹ lọ bá fọkanáísà kó gé tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́ fún yín, ẹ nu páìpù náà gbẹ, ẹ fa tíúbù náà le bẹ́ ẹ ṣe ń wé e. Láti Sabo dé Igbógbó, fọkanáísà kò wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Bó bá jẹ́ rẹdiétọ̀ náà ni, ọ̀pá tó bá ń jò láàárín ṣeé fi páláyà pa dé lókè àti nísàlẹ̀ ihò. Ọ̀pá yẹn ti kú nìyẹn, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Orí rẹ̀ tó jẹ́ ike, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi gọ́ọ̀mù oníméjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó le kẹ́ ẹ tó bu omi. Lẹ́yìn náà, ẹ má dé ìdérí yẹn pa, ìdúró àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ yí i dé, kó má baà ní agbára tí yóò fi ti gọ́ọ̀mù náà jáde. Níwọ̀n bí omi náà yóò ti máa hó ní 100 báyìí, ẹ rọra wà á. Ẹ tan hítà, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, bí mẹkáníìkì kan kò bá tíì yọ páìpù rẹ̀ dànù. Òógùn á bò yín, àmọ́ ẹ́ńjìnì á mí.

Omi píọ̀ wọ́tà nínú búùtù dára ju omi kànga tó ń dá ìpẹtà sí korobá lọ. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó ṣì gbóná, ó lè sán. Kúláàntì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rẹdiétọ̀, tó bá sì dà sílẹ̀, ẹ fọ ibẹ̀. Ó ń dùn lẹ́nu, ewúrẹ́ àti ajá máa ń lá a, májèlé sì ni.

Oògùn adíjò tí wọ́n ń tà nínú ike? Bó bá jẹ́ òru, lọ́nà Ìtòikín, tí kò sẹ́ni tẹ́ ẹ lè pè, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú rẹdiétọ̀ náà láìpẹ́. Mi ò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti da ata tàbí ẹyin sí tiyín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá rà á kó tó sanwó.