Ìwádìí náà kò ní kí a fún ewúro sínú kànga

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún àwa ará Adó tí omi ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, pé àwọn onímọ̀ ní omi ewúro tí a bá fún sínú kànga á pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní yàrá ìwádìí, àwọn onímọ̀ náà á se ewé ewúro, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ iyọ̀ zinc, ìyẹn kẹ́míkà tí irin tí wọ́n ń pè ní zinc wà nínú rẹ̀ (kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o). Èròjà inú ewé ni kì í jẹ́ kí zinc ṣù pọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sun ún nínú ààrò, bíi 400°C lọ́pọ̀ ìgbà, títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú zinc oxide. Ewé ti jóná tán nígbà yẹn. Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń ṣiṣẹ́ nínú omi, pàápàá bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó mu omi náà.

Nínú ìwé ìwádìí náà, ẹ ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ ó bá zinc nitrate tàbí zinc acetate níbẹ̀; iyọ̀ zinc tí mo wí nìyẹn. Ẹ tún wo omi tí wọ́n fi dán an wò: aró methylene blue ni wọ́n sábà máa ń dà sínú omi mímọ́. Pé aró ṣí kúrò kò sọ pé kòkòrò ti kú.

Ní ti kànga wa, ẹ jẹ́ kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Ìyẹn ló ń pa kòkòrò, bí kò tilẹ̀ lè yọ kẹ́míkà.