Ẹ ti ṣe ìdána, ẹ ti so yìgì: mẹ́rì ńkọ́?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn opó tí kò ní ìwé ìgbéyàwó láti mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ti wà nínú mi. Mo fẹ́ dákẹ́ títí ẹjọ́ Tàńtí mi yóò fi parí, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún gbọ́ irú rẹ̀ láti Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Bí mo bá ní kí n dúró, opó mìíràn á ti tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé e.

Àbúrò ìyá mi ni Tàńtí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò nílé ọkọ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Gàrí ló ń tà ní ọjà Wàǹdó. Owó èsúsú rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n rà, ó wà nínú búlọ́ọ̀kù, ó wà nínú páànù orí ilé. Èmi fúnra mi bá a pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì nígbà tí mo ṣì wà níléèwé. Wọ́n ṣe ìdána, Àfáà so yìgì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní ìyàwó ilé ní gbogbo àdúgbò. Ọkọ kú. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ẹbí ọkọ pe ìpàdé, wọ́n kọ ìwé lédè Faransé, wọ́n ní kó wá tẹ̀ka. Ó rò pé orúkọ àwọn tó wá sí àdúà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àbúrò ọkọ ni yóò máa ṣe àbójútó gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, ilé náà sì wà lára rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ní kó kó ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé-ẹjọ́, ohun tí adájọ́ kọ́kọ́ bi í ni pé: ìwé ìgbéyàwó yín dà? Tàńtí yọ fọ́tò ìdána látinú báàgì. Adájọ́ gbà á, ó wò ó dáadáa, ó sì dá a padà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe dá fọ́tò yẹn padà.

Òfin ìdílé tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, Òfin 2002-07 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004, ìgbéyàwó tí aṣojú ìjọba bá so ní mẹ́rì nìkan ló mọ̀. Owó orí ìyàwó tí à ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè, àmì lásán ni òfin náà pè é. Ẹni tó bá lọ sí mẹ́rì ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún ọkọ, kò sí ìpàdé ẹbí tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ, àlejò ni lójú òfin, bó bá tilẹ̀ bí ọmọ mẹ́wàá.

Àwọn ọmọ ni ti wọn yàtọ̀. Ìyá wọn lọ sí mẹ́rì o, kò lọ o, bí bàbá bá ti gbà pé òun ló bí wọn, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí, ajogún ni wọ́n. Ọkùnrin àti obìnrin, ìpín kan náà ni. Ìwé ìbí àwọn ọmọ Tàńtí ló gba ilé yẹn sílẹ̀ títí di òní: ilé-ẹjọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tà á. Tàńtí fúnra rẹ̀ ń gbé yàrá àyágbé.

Àwọn kan á sọ pé àṣà wa ni. Àṣà ta ni? Ní 1931, àwọn Faransé tó ń ṣàkóso Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, kó àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà pọ̀ sínú ìwé kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lójú òfin, ìwé yẹn ni àwọn adájọ́ sì ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1996, Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé ìwé náà kì í ṣe òfin. Èyí tí mo bá nílé ìyá ìyá mi ní Kétu, ìdí-igi ni: bí baálé bá kú, wọ́n á ka àwọn ìyàwó, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á gba ti ìdí ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé opó jáde lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kó pe orúkọ ohun tó ń ṣe, kó má fi àṣà bojú.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá fún mẹ́rì. Ní oṣù kejìlá 2002, Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ dá òfin ìdílé yìí padà nítorí pé ó fún ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, kò sì fún obìnrin ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990 ní ọgbọọgba ni wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe tí wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2004, ìyàwó kan ṣoṣo ni mẹ́rì ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ro ti ìyàwó kejì lọ́kàn, kò ní fẹ́ kí àkọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ìyàwó kejì àti ìkẹta wá ńkọ́? Wọ́n pọ̀ láàárín wa, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́. Ibí ló ti ń dùn mí jù, torí mo gbà pé ìdájọ́ 2002 yẹn tọ́, síbẹ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni, ìdílé méjèèjì ló fi wọ́n fọ́kọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe. Bí owó obìnrin bá wọ inú ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé ilẹ̀. Ẹ lọ kọ ìwé ìhágún lọ́dọ̀ notaire, amòfin tí ìjọba yàn láti máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀; ìpín àwọn ọmọ wà tí òfin ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n nínú ìyókù ẹ lè fún un. Ẹ ń rówó ra aṣọ ẹbí, ẹ wá owó èyí náà.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tiwọn. Nígbà tí wọ́n tún òfin yìí ṣe ní 2021, ariwo orúkọ nìkan ló gba orí fóònù: ṣé obìnrin á máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nílé ọkọ? Ta ló ka ibi tí ogún wà fún àwọn ìyá wa lédè tí wọ́n gbọ́? Faransé ni òfin, Faransé ni ìwé ìpàdé ẹbí, Faransé ni ìwé ìpè ilé-ẹjọ́. Ẹ kà á lórí rédíò ní Yorùbá àti ní Gùn, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kì í ṣe lóru. Ẹ̀yin Àfáà àti pásítọ̀, ẹ bèèrè ìwé mẹ́rì kí ẹ tó gbàdúà fún ọkọ àti ìyàwó.

Ní oṣù tó ń bọ̀, a óò ṣe ìdána àkọ́bí Tàńtí ní Kétu. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn àna wá fi ara hàn, wọ́n bèèrè ìwé ẹrù ìdána, iye iṣu, iye ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tàńtí ò tíì dá wọn lóhùn. Ó kọ́kọ́ bi ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ pé: "Ọjọ́ wo lẹ gbà ní mẹ́rì?"