Ẹnu Òfú Kì Í Ṣe Ààtàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ ẹja lórí afárá ní Florida níbí, ta ló sọ fún yín pé ẹnu òfú, ẹyẹ omi tí òyìnbó ń pè ní pelican, ni ààtàn? Ẹ ó gé ẹja tán, ẹran rẹ̀ á wọ kúlà, ẹ ó wá ju orí àti egungun ẹ̀yìn sí ẹyẹ ẹlẹ́yẹ, ẹ ó máa ya fídíò, kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Ẹja wẹ́wẹ́ ni òfú búráùn (brown pelican) ń jẹ. Láti òkè bíi mítà 18 ló ti lè já wọnú omi, á fi àpò abẹ́ àgógó rẹ̀ gbọ́n ẹja àti omi pọ̀, á tẹ orí ba kí omi ro dànù, kó tó gbé ẹja mì. (Àsìkò yẹn gan-an ni ẹyẹ òkun mìíràn ń bà lé e lórí láti jí ẹja ẹnu rẹ̀. Olè ti tó o!) Àpò yẹn fẹ́lẹ́. Egungun ẹja ńlá á ya á, ohun tó bá gbọ́n á máa jò dànù, ebi á pa á. Ọmọ rẹ̀ tó ń ki orí bọ̀ ọ́ lọ́fun láti jẹun ńkọ́?

Sátidé tó kọjá, ìwọ̀ mi kọ́ ọ̀kan. Bọ̀dá kan ti ń ju orí ẹja láti àárọ̀, àwọn òfú tò sórí irin afárá bí èrò òde ìnáwó tó ń retí ìrẹsì. Mo ju ìwọ̀, ọ̀kan ti gbé e. Bọ̀dá ní kí n gé okùn. Kí n gé okùn kẹ̀! Kó fa okùn lọ há sórí igi tó ń sùn sí, kó so rọ̀ síbẹ̀ kú? Mo rọra fà á wọlé, mo fi táwẹ́ẹ̀lì bo ojú rẹ̀, mo di àgógó mú, mo fi ìka há a láàárín, torí òfú kò ní ihò imú lóde, ẹnu ló fi ń mí. Ó fi apá gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹ̀bi.

Ẹyẹ tí Theodore Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ya Pelican Island, erékùṣù kan ní Florida níbí, sọ́tọ̀ fún ní 1903! Oògùn apakòkòrò DDT tún dé, èèpo ẹyin wọn fẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ ni òfú sì fi ń sàba, bó bá ti tẹ ẹyin, ó fọ́ nìyẹn. Wọ́n fòfin de DDT ní 1972, ó di 2009 kí Amẹ́ríkà tó yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀dá tó fẹ́ parun. Kó wá jẹ́ orí ẹja yín ló máa pa á?

Pátákó tó ní kí ẹ má ju nǹkan sí wọn wà lójú yín. Garawa ìdọ̀tí wà nídìí rẹ̀. Mo yọjú wo inú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn: ó ṣófo.