Hẹ̀rẹ̀huru Ará Ilé

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀pọ̀ wa a máa pa òwe yìí bí ẹni pé sísọ nìkan ló kù sí wa lọ́rùn. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú ilé fúnra rẹ̀ ni kòkòrò ń gbé ńkọ́?

Ẹ wo ọmọ tí ikọ́ fée (asthma) gbé dé ilé ìwòsàn lóru. Wọ́n fi ẹ̀rọ bò ó nímú títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ súnmọ́ aáyán àti ògiri tó ti bu. Ibo ni kó gbé e lọ? Òrùlé tó ń jò kì í ṣe tirẹ̀, onílé kò dá a lóhùn, owó ilé ibòmíràn sì ju agbára rẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò tún fi padà dé.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Nationwide Children's Hospital, ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, kò fi mọ sórí ìkìlọ̀. Láti 2008 ni òun àti ẹgbẹ́ Community Development for All People, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bí, ti ń tún àwọn ilé ahoro kọ́ ní South Side, lẹ́yìnkùlé ilé ìwòsàn náà gan-an, tí wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn ìdílé tí owó wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì ń ran àwọn tó ti ní ilé tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ láti tún tiwọn ṣe.

Èrè wo ni dókítà ń jẹ nínú òrùlé? Èrè wà, òwe náà kò sì fi í pamọ́, nítorí oorun tiwa ni hẹ̀rẹ̀huru ń bàjẹ́. Àjọ Partners For Kids, tí ó so mọ́ ilé ìwòsàn yìí, ń gba iye owó kan pàtó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí kò rí já jẹ. Bí ọmọ bá ń lọ, tó ń bọ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àpò tiwọn ló ń jò. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kì í sì í ṣe Columbus nìkan: ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, ní 2016, ilé ìwòsàn àti àjọ ìlera mẹ́fà da mílíọ̀nù 21.5 dọ́là jọ fún ibùgbé 382.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí àdúgbò bá ti ń dán, owó ilé á gbéra. Ìyá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò ní owó tí yóò fi ra ilé. Yàrá tí kò jò, tí owó rẹ̀ kò sì ní fò sókè lọ́dún tó ń bọ̀, ni ó ń wá.