Kí Mọ́tò Tó Mu Ẹ̀gẹ́ Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Rí Gàrí Mu

Ẹni tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ gàrí ní Ìkọ̀lé Èkìtì lọ́jọ́ tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ á mọ ohun tí à ń sọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ á ga lẹ́yìn ilé, ti ìsàlẹ̀ á ti jẹrà, omi tó ń ṣàn lábẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ á ti pa gbogbo koríko ojú ọ̀nà rẹ̀ (ẹni tó bá ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ tí omi yẹn kàn án mọ bó ṣe ń ta), àwọn ìyá wa á sì jókòó ti agbada, igi ni wọ́n fi ń dáná, èéfín á máa fa omi lójú wọn látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Iná tí wọ́n ń wá igi sí, inú èèpo tó ń jẹrà lẹ́yìn ilé yẹn ló wà o.

Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni ọ̀rọ̀ ká máa fi irè oko ṣe epo ti tún gbóná lẹ́nu àwọn èèyàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ìrèké ni Brazil fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1975, wọ́n á fún omi rẹ̀, á kan, wọ́n á wá sè é kí oru rẹ̀ di ethanol, ọtí líle tí mọ́tò lè mu bí epo, bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró gan-an. Àgbàdo ni ti Amẹ́ríkà, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàdo wọn tó ń lọ síbẹ̀. Epo pupa ni Indonesia ń sọ di dísù. Ìjọba àpapọ̀ tiwa náà ṣe ìlànà ní 2007, pé kí wọ́n máa po ethanol mọ́ pẹtiróòlù, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ilé epo wo lẹ ti wá rí i ní Adó?

Ẹ̀gẹ́ ni àwọn tó fẹ́ ká máa ṣe ethanol ń wò lọ́dọ̀ wa, torí kò sórílẹ̀-èdè tó ń gbìn ín tó Nàìjíríà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dáadáa. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan, nǹkan bíi 150 lítà ethanol ló máa bọ́ sí, jíìpù kan á mu ún tán láàárín táńkì méjì sí mẹ́ta. Tí a bá yan ẹ̀gẹ́ yẹn kan náà ní gàrí, á tó bí àpò mẹ́rin oní-50 kílò. Wọ́n ń pe Èkìtì ní ilé iyán lóòótọ́, ṣùgbọ́n gàrí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé dé òpin oṣù, bí ebi bá sì kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A ò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni wá gba ilẹ̀ oúnjẹ fi gbin ẹ̀gẹ́ epo.

Àwọn kan ní ká gbin lápálàpá (jatropha, igi tí èso rẹ̀ ní epo) nígbà náà, ṣebí ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Wọ́n gbìn ín lọ rẹpẹtẹ ní India, Tanzania àti Mozambique ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n rò pé ilẹ̀ gbígbẹ á tó o. Ó hù lóòótọ́, àmọ́ híhù yàtọ̀ sí síso, tí kò bá rí omi àti ajílẹ̀ èso rẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ wọn ló fi oko sílẹ̀.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká fi ṣe gáàsì ìdáná. Ẹ kó o sínú táńkì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, ẹ po ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ mọ́ ọn, torí òun nìkan á kan jù, kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì ò ní lè ṣiṣẹ́. Gáàsì tó bá jáde, ẹ fi páìpù gbé e lọ sábẹ́ agbada, èyí tó bá ṣẹ́ kù di ajílẹ̀ fún oko. FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé níbẹ̀, èèpo yìí ò jìnnà sí wọn rárá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn lówó táńkì mẹ́ta péré, kí wọ́n gbé e sí ìdí ẹ̀rọ gàrí mẹ́ta, kí àwọn ìyá yẹn fi dáná fún ọdún kan, kí wọ́n sì máa san owó èèpo fún ẹni tó bó o. Lẹ́yìn ọdún yẹn la tó lè jókòó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ethanol.