Ẹ yéé fi ewé efinrin tàn wá jẹ, aáyán ò lọ síbì kankan!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tún lanu sọ fún mi pé kí n lọ já efinrin sí kọ́bọ́ọ̀dù kí aáyán lè sá, èmi àti onítọ̀hún á wọ̀yá ìjà ni, mi ò ṣàwàdà. Ó ti sú mi! Mo já efinrin, mo sá èèpo ọsàn, mo gún aáyù mọ́ ata, títí ọkọ mi fi ń bi mí pé ṣé mo ti ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé ni. Ó wá kan kànáfùrù. Lálẹ́ àná mo tan tọ́ọ̀ṣì sí kíṣìnì, àgbà aáyán kan dúró lórí kànáfùrù yẹn gan-an, ó ń fa irùngbọ̀n ẹ̀ gba ẹnu kọjá, ó ń nu ara ẹ̀, kò tiẹ̀ mira!

Ìyá tó tà á fún mi ní ọjà Odò-Ogbè ní Ifẹ̀ ní "ọmọ mi, wọ́n á lọ ni". Wọ́n á lọ síbo, mà? Ohun tí ẹnì kankan kì í béèrè nìyẹn o. Ilé face-me-I-face-you là ń gbé ní Ìlódè níbí, ògiri kan náà la jọ fẹ̀yìn tì, òórùn ewé kì í pa aáyán, ńṣe ló kàn ń lé e, tó bá ti lé e lọ́dọ̀ mi, abẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì ló máa gbà wọlé, tí ìyẹn bá ju káńfọ̀ sílẹ̀ ó di yàrá àwọn ọmọ yunifásítì tó wà lẹ́yìn, nígbà tí ewé tèmi bá sì gbẹ tán tí òórùn ẹ̀ lọ, wọ́n ti padà dé nìyẹn, wọ́n tún ti sanra sí i. Owó ọjà wa la fi ń wọ ọkọ̀ fún wọn kiri inú ilé.

Ti baking soda àti ṣúgà ló tún bí mi nínú jù. Wọ́n ní tó bá jẹ ẹ́, gáàsì á kún inú ẹ̀, á bẹ́. Mo dúró kó bẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan, èèrà ló wá kó ṣúgà lọ. Ṣúgà tó wọ́n báyìí ni mo wá ń fi ṣe aáyán àti èèrà lálejò!

Èyí tó ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní fẹ́ gbọ́. Boric acid ni, ìyẹ̀fun funfun yẹn. Bí aáyán ṣe ń fẹnu nu irùngbọ̀n àti ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹn náà ló ṣe máa lá a, inú ló ti máa pa á. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ máa fọ́n ọn sẹ́yìn fíríìjì àti sínú ihò ògiri o, tẹ́ ẹ bá kó o jọ gegele, á kàn rìn yí i ká ni, ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ oúnjẹ tàbí ọwọ́ ọmọdé, ẹ tún ní sùúrù, kì í ṣe iṣẹ́ òru kan. Mo sọ báyìí, wọ́n ní "kẹ́míkà nìyẹn, nǹkan ìbílẹ̀ là ń wí". Àwọn yìí kan náà ló ń ra òtapiápiá nínú ìgò tí ò lórúkọ lára! Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, tí NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré ẹ̀ láti 2019, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tọ́mọ ń sùn sí ni wọ́n ń fọ́n ọn sí. Ìyẹn wá ni ìbílẹ̀?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ewé wo lẹ̀yin fi ń bá wọn jà? Ẹ fa fíríìjì yín síwájú kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tó máa ń gbóná yẹn, ẹ máa rí aáyán kékeré tí wọ́n ń pè ní ti Jámánì tó ń wọ́ àpò kan mọ́ ìdí kiri. Àpò yẹn ò tó hóró ẹ̀wà, ẹyin 30 sí 40 ló wà nínú ẹ̀!

Àwọn ńlá tó ń fò, inú sókáwéè ni wọ́n ti ń jáde wá. Ìdérí sókáwéè wa ti là kójò tó bẹ̀rẹ̀, a sọ fún baba onílé títí, èsì tí wọ́n fún wa ni pé "ẹ̀yin ayálégbé lẹ dọ̀tí". A gbà, àwọn kan dọ̀tí, ẹnì kan wà nínú wa tó máa ń da omi sí ìkòkò àmàlà di àárọ̀, ó mọ ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n baba, aáyán lè lo bí oṣù kan láìjẹun, omi ni ò lè ṣe aláìrí, ẹ̀rọ omi tẹ́ ẹ kọ̀ tí ẹ ò tún ṣe, tó ń jò tó-tó-tó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti alẹ́ dójúmọ́ ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ó wu aáyán kó jó, adìẹ ni ò jẹ́. Baba onílé ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ sin adìẹ nínú ọgbà àwọn. Ọmọńlé tó ń bá wa dín wọn kù, Ìyá Ìbejì ń fi ìgbálẹ̀ lù ú pa, ó ní ojú ẹ̀ burú. Kí ló wá kù tí ò ní jẹ́ kí wọ́n jó?

Wọ́n tún ti ní owó ilé máa lé lóṣù tó ń bọ̀. Kí baba yáa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aáyán o, àwọn ló pọ̀ jù nínú ilé, wọn ò sì san kọ́bọ̀ rí.